Ọmọ Ọlọ́mọ Nílé Ẹlẹ́dẹ̀

Mo ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé wa ní Fìdítì nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí pé kí n wá bá òun di ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mú. Mo kó èèpo ẹ̀gẹ́ náà dání, torí òun nìkan ni abo ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ń jẹ láti ìgbà tí oúnjẹ ẹran ti wọ́n. Abo kan ṣoṣo yìí ni àrùn ṣẹ́kù sílẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi tún ọ̀sìn bẹ̀rẹ̀.

Orí sìmẹ́ńtì ni wọ́n wà. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí kò rí ilẹ̀ fi imú tú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tó, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gún wọn ní oògùn irin, tí àwa ń pè ní abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ìgò tuntun ni ti ọjọ́ náà. Bí ìgò bá jẹ́ tuntun, ẹran kan la kọ́kọ́ ń gún, a ó wò ó di ọjọ́ kejì. Atọ́bẹ̀wò là ń pè é.

"Èwo ni ká mú?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "O tún ń béèrè! Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru."

Ọmọ òrukàn kan wà láàárín wọn, tí wọ́n gbé wá láti Ìlọrà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tó ń bá wọn mu ọmú. Òun la gún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń sáré kiri.

"Atọ́bẹ̀wò ní ọbẹ̀ dùn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. A gún àwọn yòókù.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Ilẹ̀ kò mọ́ bá ọ̀kankan nínú wọn.

Dókítà ẹran tó wá láti Jọ́bẹlẹ̀ wo ìgò náà, ó sì wo èèpo inú ọpọ́n. Ó ní ó lè má jẹ́ pé oògùn bàjẹ́. Bí ìyá bá ń jẹ èèpo nìkan nígbà tó lóyún, irin inú abẹ́rẹ́ lè di májèlé lára àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí ọmọ òrukàn náà. "Èyí wá ńkọ́?"

"Inú ìyá mìíràn lèyí ti wá, màmá. Kò lè jẹ́rìí fún wọn."

Nígbà tí dókítà lọ, mo kó àwọn òkú sínú àpò. Ọmọ òrukàn náà ń mu ọmú kan, ó ń fi í sílẹ̀, ó ń mu òmíràn. Inú bí mi, mo na ọwọ́ láti gbé e kúrò.

"Fi í sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Jẹ́ kó máa mu. Ọmú ń ro abiyamọ yẹn."