Ọjọ́ Tí Gìrì Mú Àbúrò Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí àwa ọmọ ilé wa ní Ifọ̀ máa ń fi fèrè ọkọ̀ ojú irin mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, iṣẹ́ tèmi ni láti gbá àgbàlá, kí n pọn omi kún ike, kí n sì fún àbúrò mi, Sẹ̀kínà, ní ògì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú ilé yẹn: yàrá márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ilé ìdáná kan ṣoṣo lẹ́yìn, èéfín igi á sì máa wọ yàrá gbogbo wa láìkan ilẹ̀kùn. Ìwó ni àwọn òbí mi ti wá. Bíríkìlà ni bàbá mi, màmá mi sì ń rán aṣọ. Ọmọ tó bá ṣe àìdáa, ìyá tó bá wà nítòsí ló máa nà án. Tó bá wá délé, ìyá tó bí i á fi tirẹ̀ kún un, á ní kó kúnlẹ̀, kó na ọwọ́ sókè.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Sẹ̀kínà kò tíì pé méjì. Ọmọ tí kì í jókòó ni. Bó bá rí ewúrẹ́, á sá tẹ̀ lé e. Bó bá rí iyẹ̀pẹ̀, á bù ú sẹ́nu. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí n fura ní àárọ̀ Sátidé kan tí mo gbé ògì sí i lẹ́nu, tó kọ̀ ọ́, tó wá gbé orí lé mi nítan. Ara rẹ̀ gbóná. Màmá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó dúró díẹ̀. Aṣọ ìyàwó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ dé Ìbafò kó tó di ọ̀sán. Ó bọ́ aṣọ lára Sẹ̀kínà, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lára, ó ní:

"Jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i. Máa fún un lómi mu díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ti dé, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Má fi í sílẹ̀ o, Mùínátù."

"Mo ti gbọ́, mà."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́ńtẹ́n níta, ìró àtẹ́wọ́ wọn ń wọlé bá mi. Sẹ̀kínà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sì rántí pé ìyá bàbá mi máa ń da aṣọ bo ẹni tí ibà bá ń ṣe, kó lè làágùn. Mo fa bùláńkẹ́ẹ̀tì kan jáde, èyí tó nípọn jù nínú ilé, mo fi wé e láti ọrùn dé ẹsẹ̀, mo ti fèrèsé kí òtútù má baà wọlé. Ó dákẹ́. Mo rò pé oorun ló gbé e lọ. Ni mo bá jáde lọ ṣeré.

N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo ti borí ẹnìkejì mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọkàn mi tó ní kí n lọ wò ó. Bí mo ṣe ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà, ooru gbá mi lójú bí ẹni ṣí ìkòkò lórí iná. Ojú Sẹ̀kínà ti yí sókè, funfun rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń já pàtìpàtì, ó wa eyín pọ̀, itọ́ sì ń hó lẹ́nu rẹ̀. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, n kò tíì ké irú rẹ̀ mọ́ láyé mi.

Gbogbo ilé rọ́ dé. Ìyá onílé wa, àgbàlagbà tó fẹ́ràn àwa ọmọ gan-an, ló kọ́kọ́ wọlé. "Gìrì ni! Ẹ bá mi mú ṣíbí wá! Ẹ dá iná, ká na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i!" Ẹnìkan ti mú ṣíbí irin dé, ẹlòmíì gbé ìgò àgbo kan tí òórùn rẹ̀ gba yàrá kan. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi nínú wọn. Ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ ìyá wọn ni wọ́n fẹ́ ṣe.

Obìnrin kan wà nílé wa tó ń ta ọṣẹ dúdú, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìyá Ràṣídì ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ àwa ọmọ kò rí Ràṣídì kankan rí, àwọn àgbà kò sì gbà ká béèrè. Òun ló la àárín èrò kọjá lọ́jọ́ náà, tó já ṣíbí gbà. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá onílé, ó ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ má rọ nǹkan kan fún un. Bí wọ́n ṣe ṣe tèmi nìyẹn. Kì í ṣe gìrì ló pa Ràṣídì. Àgbo tí wọ́n rọ fún un ló gba ibi èémí lọ. Ìgbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́ ni nọ́ọ̀sì tó ṣàlàyé fún mi."

Ìyá onílé wò ó títí, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ."

Ó mú bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò, ó fi ẹ̀gbẹ́ Sẹ̀kínà lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde, ó ṣí fèrèsé, ó ní kí àwọn èèyàn bọ́ síta. Kò di ọwọ́ tó ń já mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nìkan ló fi sábẹ́ orí ọmọ náà. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ń mì, àdúrà ló ń gbà. Nígbà tó yá, ara ọmọ náà rọ̀, ó mí kanlẹ̀. Ìyá Ràṣídì gbé e mọ́ àyà, ó ní kí n máa bọ̀, a sì gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó fún un ní abẹ́rẹ́, ó ní ibà ẹ̀fọn ni. Ó wá béèrè pé, "Ta ló fi aṣọ wé e?" Ìyá Ràṣídì kò wò mí. Ẹkún ni mo fi dáhùn pé èmi ni. Nọ́ọ̀sì náà kò jágbe mọ́ mi. Ó ní ara tó ń gbóná kò fẹ́ aṣọ tó nípọn, pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àkókò ìrun Àsárì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kí Sẹ̀kínà tó la ojú, tó sọ pé, "Omi."

Màmá mi sáré dé, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Mo dijú de ìgbájú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fà mí mọ́ra, ó ní, "Èmi ni mo gbé ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí." Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí dòní. Mo rò pé ì bá sàn fún mi ká ní ó nà mí.

Sẹ̀kínà ti di ìyá ọmọ báyìí. Èmi náà ń gbé ní Mówè, nílé tó ní géètì. Mo ní tẹmómítà, mo ní oògùn ibà olómi, nọ́ńbà dókítà wà lórí fóònù mi. Nígbà òjò tó kọjá, ara Fárúùkù ọmọ mi gbóná lọ́sàn-án, bàbá rẹ̀ sì wà níbi iṣẹ́. Mo ṣe gbogbo ohun tó yẹ, mo gbé e lọ fún àyẹ̀wò, a gba oògùn bọ̀. Gìrì kò mú un, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó tì í, ó wá sí mi lọ́kàn pé bí mo bá ké irú igbe tí mo ké ní Ifọ̀ nísinsìnyí, ta ni yóò wọlé? Ògiri ga, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, gbogbo ilé tilẹ̀kùn. Ọdún kẹta rèé tí obìnrin kan ti ń gbé lẹ́yìn ògiri mi gan-an. Mo mọ àwọ̀ mọ́tò rẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí ara ọmọ mi balẹ̀, mo pọ̀n ọ́n, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣí i díẹ̀, ó béèrè ẹni tí mo ń wá.

"Ẹ̀yin náà ni, mà," ni mo wí. "Mo ní kí n wá kí yín. Èmi ni màmá Fárúùkù, ilé kejì."