Bíréèkì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Tẹ̀

Títí dòní, bí oòrùn ọ̀sán bá mú tí mo sì ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, òórùn ẹja Ọjà Olúwo ṣì máa ń rọra jáde lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ kùn ún, mo ti ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún atẹ́gùn, kò gbọ́. Àwọn ọmọ tí mo ń gbé lọ sílé ẹ̀kọ́ ti mọ òórùn náà débi pé wọn kì í dí imú mọ́. Èmi nìkan ni inú ṣì máa ń bí, torí gbogbo ìgbà tó bá ti lu imú mi ni mo máa ń rántí ìrìn tí mo rìn dé Ẹ̀pẹ́, tí mo lọ ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n sí.

Ìwọ náà mọ bí ẹ́sítéètì wa ní Ìkòròdú ṣe rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdajì àwọn òbí ibẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà Èkó. Tíṣà lèmi, ilé ẹ̀kọ́ mi kò sì jìnnà, bó ṣe di pé èmi ni mò ń gbé ọmọ tèmi àti àwọn ìbejì aládùúgbò wa lọ láràárọ̀ nìyẹn. Báńkì kan ní Èkó ni ìyá àwọn ìbejì ti ń ṣiṣẹ́. Á fà wọ́n wá bá mi nígbà tí oorun kò tíì dá lójú wọn, á ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí àga ẹ̀yìn, á so bẹ́líìtì mọ́ wọn. "Tíṣà, ẹ̀yin àti Ọlọ́run ni mo fi wọ́n lé lọ́wọ́ o," ni yóò wí, á sì sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì. Bí ẹni ń kí ni ló ṣe máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n létí tèmi, ẹrù ni.

Nígbà tí ìsinmi kan ń parí lọ, tí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé lọ́jọ́ Ajé, bíréèkì ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ tó wọ ẹrẹ̀, kó tó wá di nǹkan mú. Mẹkáníìkì àdúgbò wa tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọkọ̀ dúró sí, ó mi orí. "Àǹtí, kò sóhun tó ṣe é. Afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́." Ó tú afẹ́fẹ́ náà dànù, ó dáa fún ìgbà díẹ̀, ó tún padà síbi tó wà. Ìwọ náà sì mọ àwọn tírélà tó ń ti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Indọ́sítíríà wá, bí wọ́n ṣe máa ń dúró gbọn-in láìfún ẹnikẹ́ni ní àmì. Mi ò lè gbé ọmọ ọlọ́mọ tẹ̀lé irú wọn pẹ̀lú bíréèkì tí kò dá mi lójú.

Àsìkò yẹn náà ni ìwé tó ń jẹ́rìí pé ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà fẹ́ tán, ìwé tí gbogbo wa ń pè ní róòdù-wọ́dì. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo ti gbọ́ pé wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń wọn agbára bíréèkì, mo sì rò pé ẹ̀rọ kì í ṣègbè, yóò sọ òótọ́ fún mi. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi pé mò ń gbé ọkọ̀ lọ síbi àyẹ̀wò, ẹ̀rín pa á. "Ta ló ń gbé ọkọ̀ lọ? Fún ọmọkùnrin tó ń bá wa gbàwé lówó, á gbé e wá bá ọ nílé." Mo ní, "Ọkọ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n wò, ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ìwé kọ́ ló ń gbé ọmọ." Ó sọ èjìká sókè, ó ní ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù.

Wíwá ibi àyẹ̀wò gan-an di iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn Indọ́sítíríà ló wà. Mo débẹ̀ lásìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wọn, mo rí pátákó tó ní ọfà, mo tẹ̀lé ọfà náà, ó gbé mi dé iwájú géètì kan tí koríko ti hù jáde lábẹ́ rẹ̀. Mégàádì tó jókòó lódìkejì ọ̀nà wò mí tàánútàánú. "Wọ́n ti kó lọ tipẹ́, mà. Pátákó yẹn ni wọn ò kó." Mo béèrè ibi tí wọ́n kó lọ, ó fi àgbọ̀n júwe gbogbo Ìkòròdú fún mi. Ẹlòmíràn ní ẹ̀gbẹ́ ilé epo kan ni. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ni mo bá, wọ́n sì ní bí mo bá fẹ́, àwọn lè bá mi fọ tèmi. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi lórí fóònù pé Ẹ̀pẹ́ ni kí n lọ, pé ti ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìwé mi kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ rò ó wò ná: wọ́n ní ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí bí n kò bá yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n sì lọ gbé ibi tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ti lè ronú pìwà dà pamọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo gba Ìtòkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo ń rọra lọ, mo ń jìnnà sí gbogbo ohun tó wà níwájú mi, àwọn ọlọ́kadà ń kọjá, wọ́n ń bú mi. Mo bá ibi àyẹ̀wò náà ní ṣíṣí, ọpẹ́ sì bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀rọ ọ̀hún wà lóòótọ́, irin gbọọrọ kan tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀, kọ̀ǹpútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi tapólì bo kọ̀ǹpútà, àwọn adìẹ sì dùbúlẹ̀ sórí irin náà, wọ́n ń gbádùn ibòòji. Ó yẹ kí n ti fura.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́ tónítóní yí ọkọ̀ mi po. Ó ní kí n tan iná, mo tan iná. Ó ní kí n fọn fèrè, mo fọn fèrè. Ó béèrè agolo panápaná àti àmì onígun mẹ́ta pupa, mo kó wọn jáde bí ẹni ń ṣe àfihàn ẹrù ìyàwó. Ó ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀, ó ní, "Ó ti parí, mà. Ẹ lọ gbàwé yín lọ́dọ̀ ọ̀gá."

"Bíréèkì ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, mà. Kò síná, kò sì sí epo nínú jẹnẹrétọ̀."

"Ẹ kúkú wọlé, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ yín tẹ̀ ẹ́."

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó wá bá mi fọ abọ́. Ó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn, ni mo bá tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ nídìí tábìlì. Ìwé tuntun mi ti wà níwájú ọkùnrin náà, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Mo sọ fún un pé bíréèkì yìí kò fi mí lọ́kàn balẹ̀, pé ọmọ ni mò ń gbé, pé kó jọ̀ọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá sì dáa, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò dáa. Awakọ̀ kan lẹ́yìn mi ní, "Ìyá, ẹ gba ìwé yín ká ríbi lọ jàre." Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń sọ pé bíréèkì yín ò dáa?"

"Mo ní kò dá mi lójú, sà. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

"Ó dáa. Mi ò lè fún ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ò dáa níwèé. Ẹ lọ tún un ṣe, kẹ́ ẹ padà wá." Ó sì ti ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

Òtítọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lówe yẹn, mo sì máa ń rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ yẹn ni mo tó dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta èké náà. Bí mo bá ti pa ẹnu mi mọ́, ọkọ̀ mi dára. Nítorí pé mo lanu, ó ti bàjẹ́. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì kan bíréèkì náà láti òwúrọ̀. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó.

Wọ́n júwe mẹkáníìkì kan fún mi nítòsí Ọjà Olúwo, ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́. Ó tú táyà ẹ̀yìn kan, ó sì pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Gbogbo inú ibẹ̀ tutù fún ọ́ìlì bíréèkì tó ti ń jò. "Ẹ wò ó, mà. Ọjọ́ tó máa tán pátápátá lẹ̀ ń retí." Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Mo rí orí àwọn ìbejì yẹn lójú mi, bí wọ́n ṣe máa ń fara ti ara wọn sùn lẹ́yìn ọkọ̀, mo sì rí ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ dè mí, pé ọkọ̀ yìí pé, kò lábùkù. Nígbà tó ń pààrọ̀ irin tó bàjẹ́, n kò lè jókòó mọ́. Mo wọ ọjà lọ, mo ra ẹja ọ̀bọ̀kún tútù ńláńlá méjì, ọ̀kan fún wa, ọ̀kan fún ìyá àwọn ìbejì, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni rán mi. Ọwọ́ mi kàn ń wá ohun tí yóò ṣe ni.

Ìgbà tí mo fi padà síbi àyẹ̀wò, wọ́n ti ń ti géètì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, wọ́n ní, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo yí ọkọ̀ padà sí Ìkòròdú. Kí o rí bíréèkì náà! Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá kàn án báyìí, ọkọ̀ á gbọ́. Bí mo ṣe ń kọjá Ìtòkín, àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù na ọwọ́ sí mi. Ọ̀kan nínú wọn gba ìwé mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, àfi bíi pé ọkọ̀ wà nínú rẹ̀.

"Róòdù-wọ́dì yín ti kú, mà."

Mo rò fún un, látorí mégàádì dórí adìẹ. Mo tilẹ̀ ṣí ìwé ìròyìn tí mo fi di irin tí mẹkáníìkì yọ kúrò, mo fi hàn án bó ṣe rin gbingbin fún ọ́ìlì. Ó wò ó dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó wá ní, "Mà, irin lẹ fi hàn mí. Ìwé ni mo béèrè."

Òun fúnra rẹ̀ ló wọlé sídìí ọkọ̀, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wà á lọ sí ọgbà tí wọ́n ń kó ọkọ̀ tí wọ́n bá mú sí. A kò tíì débẹ̀ tí ewúrẹ́ kan fi já lu títì, ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ọkùnrin náà tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró gbọn-in, bẹ́líìtì fún mi láyà, ewúrẹ́ náà dúró, ó ń wò wá. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Bíréèkì yín mà mú o, mà," ó wí, ìyàlẹ́nu tòótọ́ sì wà lójú rẹ̀. "Ọkọ̀ yìí dáa."

"Ẹ jẹ́ kí n máa gbé e lọ nígbà náà."

"Ó dáa, ṣùgbọ́n kò níwèé." Ó wà á wọ inú ọgbà, wọ́n sì fi àgádágodo ti géètì. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ń sanwó fún láti mójú tó ọkọ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi nìkan ló yẹ bíréèkì mi wò. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ délé. Ẹnu ọ̀nà ilé ni mo ti rántí pé ẹja mi wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó pe ọmọkùnrin tó ń bá wa gbàwé, kò sì pẹ́ rárá tí ìwé fi dé. Mo jókòó, mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n yẹ ọkọ̀ mi wò lọ́jọ́ náà gan-an, bíréèkì, iná, táyà, gbogbo rẹ̀ yege. Ọkọ̀ tó sun ẹ̀yìn géètì mọ́jú pẹ̀lú ẹja! Ó dùn mí pé ìwé yẹn ni mo gbé lọ fún wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ti sún mọ́lé. Ọkùnrin àná náà gbà á, ó kà á, ojú rẹ̀ dán. "Ẹ ò rí i báyìí, mà? Ohun tí à ń wí nìyí." Ó ṣí ọkọ̀ fún mi, òórùn sì lù ú lójú, ó sún sẹ́yìn, ó di imú mú.

"Mà, kí ló wà nínú ọkọ̀ yìí?"

"Ìwé ò sọ fún yín ni?" ni mo bi í.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá àwọn ìbejì fà wọ́n wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé mo lọ yẹ ọkọ̀ wò. "Tíṣà, ṣé ó yege?" Ọwọ́ mi ti fẹ́ lọ síbi tí mo fi ìwé náà sí, ojú sì tì mí. Mo bọ́ sílẹ̀, mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó mọ ọkọ̀ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo ní, "Ẹ wà á dé géètì ẹ́sítéètì, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì rẹ̀." Ó wo aago, ó wo ojú mi, ó wọlé. Lẹ́nu géètì ó tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ dúró gbọn-in, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí bíréèkì, ó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ nínú dígí.

Láti ìgbà náà, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti fẹ́ wọlé, òun ló ń wa ọkọ̀ dé géètì. Ìwé ń dé lọ́dọọdún, mo sì ń tì í sínú ihò iwájú ọkọ̀ láìkà á, nítorí àwọn tó ń béèrè ìwé. Ẹni tó bí ọmọ, mo ti mọ ohun tó tọ́ sí i báyìí. Bíréèkì ni mo ń fún un tẹ̀.