Ibi Tí Etí Erin Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ eléyìí kí ẹ má baà sọ pé mo lẹ́nu burúkú: ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Kì í lu ìyàwó, kì í bú u, kì í sùn síta. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín. Síbẹ̀, bí mo bá ti rí i tó ń fi àkísà funfun yẹn nu ojú kámẹ́rà ẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán ná.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò. Iwájú ni tiẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń ya fọ́tò: àga kan, iná méjì lórí ọ̀pá, àti aṣọ ńlá kan lára ògiri tí wọ́n ya òdòdó àti àtẹ̀gùn sí. Ẹ̀yìn ni tàwa aránṣọ. Èmi ni mò ń gé aṣọ, tí mò ń lọ̀ ọ́, tí mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Aṣọ ilé-ìwé kan ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa, ọdún méjìlélógún gbáko, erin sì ni àmì ilé-ìwé náà. Ọwọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń rán erin yẹn sí àpò àyà aṣọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òwú aláwọ̀ eérú, ó ń wò ó lára ìwé kan tó ti gbó, tó ti fẹ́ẹ̀ ya tán.

Etí ló ń da iṣẹ́ yẹn rú. Ẹni tó ya erin sórí ìwé náà ti da tàdáwà síbi etí, ẹ̀gbọ́n mi ò sì mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bóyá àtàrí ni, bóyá ẹ̀yìn ojú, bóyá ọrùn. Ó kàn ń fojú dá a ni. Lọ́jọ́ kan, ìyá ọmọ ilé-ìwé kan wọlé, ó na aṣọ sókè, ó ní, "Ìyá aránṣọ, kí ni ẹlẹ́dẹ̀ ń wá lápò ọmọ mi?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Mo fi erin inú tẹlifíṣọ̀n hàn án, ó ní àwòrán náà ni, àwòrán ló sì ti ń da òun láàmú látọjọ́ yìí. Èyí tó ń mí lòun fẹ́ rí. "Màá fojú ara mi wo ibi tí etí ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀," ó ní, "kí n tó kú." Mo ní kó má fi ikú ṣeré.

Àṣé ojú ló máa kọ́kọ́ lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ bíi kékeré. Ó ń forí gbá ilẹ̀kùn, ó ń fi ìbàdí kọlu tábìlì tí mo fi ń lọṣọ, mo sì ń bá a jà pé kó máa wo iwájú ẹ̀. Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ó ní ojú ti ń kú láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, pé ohun tó kù fún un ò ju ihò kọ́kọ́rọ́ lọ, ihò náà sì ń dí. Ó fún un ní oògùn tó máa máa kán sójú. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí, ẹ má fi dọ́dún tó ń bọ̀." A jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo ti ń wá áńkáṣífù nínú báàgì mi. Ẹ̀gbọ́n mi dì mí lápá mú, ó ní, "Orílẹ̀-èdè wo ni erin wà nítòsí ibí?"

Ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ yin ọkọ ẹ̀ nìyí, màá sì yìn ín. Kò bá a jiyàn rárá. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gba ìwé ìrìnnà fáwọn méjèèjì, ó wá ibi tí wọ́n á ti lo ọjọ́ mẹ́ta ní orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá, níbi tí ìjọba wọn ti dá igbó kan sí fáwọn ẹranko. Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì fẹ́ gbéra, mo sáré lọ sí fèrèsé, mo pariwo pé, "Bùọ̀dá! Ẹ má padà wá láìsí fọ́tò o! Fọ́tò gidi!" Ẹnu mi yìí ni. Ẹnu mi tí kì í sinmi.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú fọ́tógíráfà tó jẹ́. Máṣẹ́jú ni wọ́n ń pè é. Tó o bá jókòó sórí àga ẹ̀, á fi ìka méjì gbé àgbọ̀n ẹ sókè, á tì í sápá ọ̀tún, á tì í sápá òsì, á padà sẹ́yìn kámẹ́rà, kò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tún padà wá tì í. Ìgbà tí ọrùn bá ń ro ẹ́ gan-an ló tó máa ní, "Ó dáa. Má ṣẹ́jú." Bó ṣe fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi náà nìyẹn. Fọ́tò kékeré fún káàdì ibi iṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi lọ yà nígbà ọmọge, ọkùnrin náà sì dá a jókòó fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi délé, ó ń rẹ́rìn-ín sínú, ó ní kò sẹ́ni tó wo òun báyẹn rí. Ó ti ń wò ó báyẹn fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, láti ìgbà tí wọn ò tíì bí àwọn ìbejì wọn. Bó bá ti lè ní "má ṣẹ́jú" báyìí, ibi yòówù kí ẹ̀gbọ́n mi wà, ara ẹ̀ á dúró gbagidi.

Gbogbo ohun tó kù yìí, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì ti mú kó sọ ọ́ tó ìgbà ogún.

Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n kó wọn lọ síbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Pẹ̀lú irú ojú ẹ̀ yẹn, ó gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ wá nǹkan kó tó rí i, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Ó ṣì ń wá omi náà lọ́wọ́ ni ọkọ ẹ̀ di èjìká ẹ̀ mú tó yí i padà. "Kọ ẹ̀yìn sómi. Ó dáa. Àgbọ̀n sókè."

"Bàbá Ìbejì, mi ò tíì rí i o."

"Wàá rí i nínú fọ́tò."

Nígbà tó fi yà á tán, èrò ti dí iwájú wọn, awakọ̀ sì ti ń fọn fèrè. Omi yẹn, etí ló fi gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, ilé ìṣọ́ àtijọ́ kan ni wọ́n lọ wò, ilé gíga tí wọ́n fi òkúta kọ́. Bákan náà ló rí: kọ ẹ̀yìn sí i, àgbọ̀n sókè, wàá rí i nínú fọ́tò. Ẹ̀yìn ló kọ sí gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi jókòó létí bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì, ó mú ọwọ́ ọkọ ẹ̀. Ó ní, "Ti omi, mo gbà. Ti ilé ìṣọ́, mo gbà. Erin ọ̀la yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n wò ó tán kẹ́ ẹ tó yà mí."

Ọkọ ní, "Họ́wù! Ṣé orí mi dàrú ni? Ṣebí torí erin la ṣe wá?" Ó búra. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan ètè.

Lọ́jọ́ kẹta, àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n wọ igbó, nínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, pẹ̀lú amọ̀nà kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Amọ̀nà ń nàka: àgbọ̀nrín rèé, ọ̀bọ rèé, ẹyẹ rèé. Púpọ̀ nínú wọn ti sá lọ kí ojú ẹ̀gbọ́n mi tó bá wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ló dúró dè é, ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ kan tó ń tú ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó wò ó láti imú dé ìrù. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wò ó, èyí tí mo ti ń rán láti ọdún méjìlélógún nìyí!" Ó ní òun ò rántí ìgbà tóun rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Wọ́n dé etí adágún kan, wọ́n gun orí pákó gíga tí wọ́n kàn síbẹ̀ fún àwọn olùwòran. Kò pẹ́ tí amọ̀nà fi sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Wọ́n ti ń bọ̀. Méje ni wọ́n, ọmọ kékeré kan wà láàárín wọn." Ẹ̀gbọ́n mi na ọrùn. Ó ń wò: igi, koríko, omi. Kò rí wọn. Amọ̀nà di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó fi nà. "Ẹ máa tẹ̀lé ìka yín, Màmá."

Ó tẹ̀lé e. Ó rí omi. Ó rí ẹrẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ náà, ó rí ẹsẹ̀ kan.

Ẹsẹ̀ erin. Ó ní ó ga bí òpó, awọ ẹ̀ hun jọ lórúnkún bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ yẹn kó má baà sọnù mọ́ ọn lójú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀: orúnkún, itan, ikùn. Ó ku èjìká. Lẹ́yìn èjìká, ọrùn. Lẹ́yìn ọrùn, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó kù.

"Ìyá Ìbejì!"

Ṣé ẹ rí i, oòrùn àárọ̀ ti bọ́ sójú ẹ̀gbọ́n mi. Ojú ẹ̀ là rekete, ó ń wá nǹkan, ó ń dán. Ọkọ ẹ̀ ní òun ò rí i kó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ láti ogún ọdún. Ìlérí dà? Ó ti gbàgbé. "Yíjú síbí. Kíá. Má ṣẹ́jú."

Ara ẹ̀gbọ́n mi sì yí padà. Ó ní òun ò mọ ìgbà tóun yí i.

Ó dúró. Ọkọ wá, ó ti àgbọ̀n ẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó ti ra akẹtẹ̀ fífẹ̀ kan fún un lẹ́nubodè, ó wá tún akẹtẹ̀ náà ṣe lórí ẹ̀. Ó padà sẹ́yìn. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún wá. Amọ̀nà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí màmá wò wọ́n, wọn kì í pẹ́ níbí." Ó dá a lóhùn pé, "Ìṣẹ́jú kan péré." Lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, àwọn erin ń fa omi mu. Ó ń gbọ́ wọn. Ó ń gbọ́ etí! Ó ní ó ń dún pàá, pàá, bí ìgbà téèyàn ń gbọn aṣọ tútù kó tó sá a. Etí tó ti ń wá láti ọdún méjìlélógún ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́yìn ọrùn.

Nígbà tí ọkọ fi ní, "Ó ti dáa," tí ẹ̀gbọ́n mi sì yí padà, ẹrẹ̀ ló bá, àti ojú ẹsẹ̀ ńláńlá tí omi ń ṣàn padà sínú wọn. Wọ́n dúró dè wọ́n títí awakọ̀ fi ní bọ́ọ̀sì ẹnubodè ò ní dúró de ẹnì kankan. Wọn ò padà wá.

Mo bi í, inú ń bí mi, mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn yíjú padà? Ṣé wọ́n so yín lókùn ni?"

Ó ní, "Ó ní kí n má ṣẹ́jú." Ó tún ní, "Ohun tó dùn mí jù ni pé inú ẹ̀ ń dùn."

Mo lọ bá ọkùnrin náà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo tú u palẹ̀, mi ò wo ti àgbà. Ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó ní, "Mo fẹ́ ya ojú ẹ̀ nígbà tó ṣì ń ríran. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?" Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó ní, "Ìwọ náà lo ní kí n mú fọ́tò gidi bọ̀." Mo padà sídìí aṣọ mi, mo gé apá kan kúrú jù, mo sì gé èkejì kúrú bákan náà.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ihò kọ́kọ́rọ́ dí pátápátá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fọ́tò tí ọkọ ẹ̀ gbé lọ fi sínú férémù dé, ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Ó gbé e kọ́ sórí ògiri, lápá ibi àga. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú òun lọ síwájú ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì.

"Sọ fún mi. Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo wò ó. Ṣé ẹ rí ọkùnrin yìí, bó ṣe máa ń ya èèyàn níwájú aṣọ olódòdó ẹ̀, tí ojú á mọ́ kedere tí ẹ̀yìn á dà bí èéfín, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ya erin. Mẹ́fà nínú wọn ti di èéfín. Ti keje, èyí tó sún mọ́ wọn jù, akẹtẹ̀ tó fi owó ara ẹ̀ rà ló bo orí ẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣíkí. Mo lè parọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wá sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kí ọkùnrin yẹn gbọ́ níbi tó dúró sí, ni mo bá pariwo ẹ̀ sókè: "Kò sí etí níbẹ̀, Àǹtí mi. Kò sí orí pàápàá. Akẹtẹ̀ yín ló wà níbẹ̀."

Ọkọ ẹ̀ ò gbọ́. Ó ń tún iná ṣe fún oníbàárà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bà ni ẹni tó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ ẹ̀ bọ́ kúrò nínú tèmi. Mi ò tíì dárí ìyẹn ji ara mi.

Nísinsìnyí, èmi ni mò ń rán erin. Ibi tí etí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó sábẹ́ fọ́tò náà lójoojúmọ́, torí ọkọ ẹ̀ ní ó ń wu òun káwọn oníbàárà rí àwọn méjèèjì pọ̀, èyí tó wà lára ògiri àti èyí tó wà lórí ìjókòó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó ọ̀ṣìngín kan wá ya fọ́tò. Ó ń wo ògiri, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Màmá, ẹ gbádùn ayé yín o! Kí lẹ wá rí lọ́hùn-ún tó wù yín jù?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọkọ mi ni mo rí."

Ọmọbìnrin náà figbe ayọ̀ ta. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ojú ẹ̀ fi kún fómi, ó ń nàka sí i, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Ìfẹ́ tòótọ́ nìyẹn! Ẹ kọ́ ọ o, ìyàwó!" Mo tẹ orí mi mọ́ bọ́tìnnì tí mò ń rán. Ọkọ lọ sídìí kámẹ́rà, ó ní kí ìyàwó gbé àgbọ̀n sókè, ó ní, "Ó dáa. Má ṣẹ́jú."

Nínú kọ̀rọ̀ ibi tó jókòó sí, ẹ̀gbọ́n mi gbé àgbọ̀n tiẹ̀ náà sókè, ó la ojú sílẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ọkọ ẹ̀ fi ní ó ti tán.