Pẹ́pẹ́yẹ Odò Méjì tí Mo Gbé Lọ sí Èkó

Ìdájí ni mo kúrò ní Ọ̀tà, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. Pẹ́pẹ́yẹ odò méjì ló wà nínú rẹ̀, akọ kan àti abo kan, àwọn olójú funfun tí ń súfèé bí wọ́n bá ń fò. Ẹ̀rù ń bà mí. Ràímì, àbúrò mi, tí ń tọ́jú ẹyẹ nínú ọgbà ìjọba ní Èkó, ló gbàgbé láti gé ìyẹ́ irú wọn méjì, ni wọ́n bá fò lọ. Òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ ní bí òun kò bá rí méjì mìíràn láàyè kí ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, Ràímì yóò ṣẹ̀wọ̀n olè. Jímọ̀ ọ̀hún ni ọjọ́ tí mo ń sọ yìí. Ìyá wa sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n rí i pé mo mú ọmọ òun bọ̀ wálé.

Ahunpẹ̀rẹ̀ ni mí, n kò mọ nǹkan kan nípa ẹyẹ omi. Ọwọ́ ọkùnrin kan tí ń dẹ àwọ̀n létí irà Ìgbẹsà ni mo ti rà wọ́n. Mo fi ìko so ẹsẹ̀ wọn bí a ti í so adìẹ tí ń lọ ọjà, mo sì fi ewé gbígbẹ bò wọ́n nítorí oòrùn.

Oríta Ṣàngó ni mo ti wọ lọ́rì. Awakọ̀ gba ṣílè kan lọ́wọ́ mi, ó tún gba tọ́rọ́ lórí apẹ̀rẹ̀, àfi bí ẹni pé àwọn ẹyẹ náà fẹ́ jókòó. Mo ra àkàrà kọ́bọ̀ kan, mo dì í sínú ewé láìjẹ. Ọ̀nà pupa tó kún fún kòtò ni títí dé ìtòsí Agége. Bí lọ́rì bá ti fò sókè, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èékánná ha apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Mo ṣí ewé wò. Abo ti na ọrùn sílẹ̀, ó la ẹnu, ojú rẹ̀ ń pa dé lọ. Awakọ̀, àgbà Mùsùlùmí kan tó ti dúró láti bu omi sí ẹ́ńjìnnì, bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Tètè dú u," ni ó wí, "kó tó di òkúǹbete."

Òótọ́ ló sọ. Nílé wa, ẹran tó bá ń kú lọ, ọ̀bẹ la fi ń sáré sí i, nítorí èyí tó bá kú fúnra rẹ̀ ti di èèwọ̀ fún wa. Kí n tó mọ̀, mo ti fa ọ̀bẹ iṣẹ́ mi yọ, mo ti di ọrùn ẹyẹ náà mú, mo sì ti pe Bísímílà. Ìgbà náà ni mo rántí pé òyìnbó kò ní gba òkú. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ awakọ̀ pé kí ó fún mi ní omi inú búùtà rẹ̀. Ó ní omi àlùwàlá Jímọ̀ òun ni, ó wo ojú mi, ó sì gbé e fún mi. Mo gé ìko ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì, mo da omi lé wọn lórí títí búùtà fi gbẹ, mo sì fi ìko náà so ẹnu apẹ̀rẹ̀ pa kí akọ má baà fò lọ. Abo mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé orí.

Ó ku díẹ̀ kí ọ̀sán pé nígbà tí mo dé ọgbà ìjọba náà ní Èkó. Nínú rẹ̀, wọ́n fọwọ́ gbẹ́ adágún omi tí wọ́n ń pè ní pọ́ńdì. Lékelèké wà níbẹ̀, òfú tí àpò ń bẹ lábẹ́ ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì wọ bàtà wá wò wọ́n lásán. Ní Ọ̀tà, ẹyẹ tí a kò ní jẹ, tí kò sì bá oko wa jẹ, ta ní ń wò ó? Ràímì sáré pàdé mi, ó ti rù. Òyìnbó wo abo, ó mi orí. Ràímì gé ìyẹ́ apá kan àwọn méjèèjì, ó sì gbé wọn sómi. Akọ wẹ̀ lọ. Abo dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbọn orí, ó gbé ẹsẹ̀, ó sì tẹ̀ lé akọ. Òyìnbó ní ẹyẹ òun pé, ó sì yí ẹ̀yìn padà.

Mo ní kí Ràímì jẹ́ ká máa lọ sílé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá ti ní bí ẹyẹ tilẹ̀ pé, mi ò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà yìí mọ́," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Tí mo bá jáde, ọlọ́pàá ló kù."

Mo ṣa ìyẹ́ tó gé sílẹ̀ sínú àpò mi. Kí oòrùn tó wọ̀ ni mo délé. Ìrìn àjò yẹn kọ́ mi pé bí a ti í so adìẹ kọ́ ni a ń so ohun gbogbo, láti ọjọ́ náà n kò sì so ẹsẹ̀ ohun abẹ̀mí kankan mọ́. Ìyá wa wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo fi í sílẹ̀ sí. Ó bi mí bóyá àwọn ẹyẹ náà yè, mo ní wọ́n yè. Ó wá ń wo ẹ̀yìn mi.

"Ràímì ńkọ́?"

Mo kó ìyẹ́ náà lé e lọ́wọ́, mo ní òun náà wà láàyè.