Ìdọ̀bálẹ̀ Fàtíù ní Elékò

Bí irọ́ ẹyọ kan bá wà nínú ìtàn yìí, kí ojú mi má rí ọdún tó ń bọ̀. Òótọ́ ni látòkèdélẹ̀.

Fàtíù bíríkìlà tó ń gbé ní Ajah lágbára débi pé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta ló máa ń gbé léjìká kan ṣoṣo, tí yóò sì máa súfèé lọ. Àfi ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé ẹyọ kan péré ní sáìtì kan ní Ibeju-Lekki. Ẹ̀yìn rẹ̀ dún kà! Àwọn tó wà ní títì gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà ni iná ti ń sáré láti ìdí rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ òsì. Ní ọsibítù, wọ́n ní nǹkan rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn ló yọ síta, tó ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Wọ́n ní kó máa dojú bolẹ̀ sinmi, kó sì padà wá kíákíá bí ẹsẹ̀ náà bá ń kú. Fàtíù rò pé wọ́n ń fi òun ṣeré ni. Ta ló ń fi ìsinmi wo ẹ̀yìn? Ó ra oògùn ìrora, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tó yá, ìrora kọ́ ló ń bà á lẹ́rù mọ́. Ẹsẹ̀ náà ń kú lóòótọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti rìn jìnnà sí ibùdókọ̀ Ajah kí obìnrin kan tó pariwo pé, "Bọ̀ọ̀dá, sálúbàtà yín kan ti bọ́ o!" Ẹsẹ̀ òsì ti wà lórí kọ̀ǹkéré gbígbóná, kò sì mọ̀.

Àfi Bọ̀sún ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá Azeezat, ọmọ Elékò tó fẹ́ fi ṣaya. Ta ni yóò fọmọ fún bíríkìlà tí kò lè bẹ̀rẹ̀? Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí yóò lọ fojú han bàbá rẹ̀ ti pé.

Apẹja ni Bàbá Jàmíù, bàbá Azeezat. Ẹja tó bá gbóhùn rẹ̀ a fò wọnú àwọ̀n fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tó bá kàn tẹ̀ba díẹ̀ kí i, a ní kó lọ máa kí ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Sọ pé orúnkún ń dùn ọ́," ni Bọ̀sún, tó bá a lọ, wí.

"Kí wọ́n lé mi wọ òkun?"

Nígbà tí wọ́n dé iwájú Bàbá Jàmíù ní Elékò, Fàtíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn: àyà kanlẹ̀, imú kanlẹ̀. Ó ń retí ikú. Ṣùgbọ́n iná ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ó kúrò ní ọrùn ẹsẹ̀, ó dé itan, ó rọlẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó tó, dìde," ni Bàbá Jàmíù wí.

Kò dìde.

"Háà, ó mà gbẹ̀kọ́ o!" ni ìyá Azeezat kígbe.

Àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe létí òkun pa iṣẹ́ tì, wọ́n wá wòran.

"Àbí o ti kú síbẹ̀ ni?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ó pẹ́ tí ara ti dẹ̀ mí báyìí." Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ẹnu nínú iyanrìn: ẹ̀yìn, ẹsẹ̀, ẹ̀rù pé òun ò ní rìn mọ́.

"O ò sì sọ fún mi!" Azeezat bú sẹ́kún.

Ìyá rẹ̀ bi Fàtíù pé, "Ṣé kò ní dí ọmọ bíbí lọ́wọ́?"

"Ìyá, ẹsẹ̀ ló ń kú o," Bọ̀sún dáhùn, "ibòmíràn ò kú!"

Bàbá Jàmíù kò rẹ́rìn-ín. Ó lóṣòó ti Fàtíù. "Ṣé sìmẹ́ǹtì ni mo bí tí mo fẹ́ kó o máa gbé ni? Ọsibítù la ń lọ nísinsìnyí. Tá a bá ti tibẹ̀ dé, a ó sọ̀rọ̀ ìyàwó. Má tíì dìde!"

Lórí ikùn ni Fàtíù wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ẹja láti Elékò dé Ajah. Azeezat di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?"

"Díẹ̀díẹ̀. Má fi sílẹ̀."

Bọ̀sún wà láàyè, ó ń kun ilé ní Ajah títí dòní. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó lọ bi í.