Mo Lọ Sógun Láì Kúrò Nínú Yàrá

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán ni mo jáde nílé wa ní Abobo Gare, àpò aṣọ kékeré lábíyá. Kí ìyàwó mi má baà mọ̀ pé àyà mi ń já, mo fọ́nnu: "Ìyá Ràfíù, ọkọ rẹ ń lọ sí bárékè. Ogun kò tó nǹkan!" Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mọ̀ pé eku ilé lásán máa ń lé mi gun orí àga.

Télọ̀ ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá ń ránṣọ ní ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Láti ìgbà tí aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ti kún ọjà Adjamé, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń sùn jù mí lọ. Lieutenant kan, ọ̀gá sójà tó jẹ́ oníbàárà mi, ló mú iṣẹ́ wá. Àwọn sójà rẹ̀ ń fi casque, ìyẹn akoto onídígí, kọ́ṣẹ́ ogun: wọ́n á dè é mójú, wọ́n á máa rí ìlú, igbó àti ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ inú yàrá ni wọ́n dúró sí. Ṣùgbọ́n òógùn ń bo dígí rẹ̀. Lieutenant fẹ́ aṣọ tí yóò máa fa òógùn náà. Bí tèmi bá dára, iṣẹ́ gbogbo bárékè á di tèmi. Bí kò bá dára, ṣọ́ọ̀bù mi á di títì.

Mo wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tiwọn, ní igba fárańkì dé Adjamé, mo wọ òmíràn lọ sí Gonzagueville níbi tí bárékè wà. Nílẹ̀ Yorùbá, "Ó wà o!" là ń ké tí a bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, níhìn-ín, "Ça descend!" ni. Nígbà tí mo ké e níwájú bárékè, awakọ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Le vieux, ṣé wọ́n ń gba arúgbó síṣẹ́ sójà báyìí ni?"

"Èmi ni wọ́n ń retí," ni mo fi dá a lóhùn.

Mo ra garba lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn àtíkẹ́ àti ẹja díndín. Gbágùúdá ni wọ́n fi ń ṣe àtíkẹ́ bíi gàrí wa, àmọ́ ooru omi ni wọ́n fi ń sè é. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n jẹ ẹ́ tán.

Lieutenant fi aṣọ mi sínú casque, ó fẹ́ pe sójà kan kó wá dán an wò. Ẹnu ìfọ́nnu mi kò gbọ́ tèmi: "Ẹ dè é mọ́ èmi fúnra mi."

Yàrá pòórá. Mo bá ara mi ní abúlé kan, ìbọn lọ́wọ́ mi. Baba onírùngbọ̀n funfun kan jáde sí mi. Ta ní rántí ogun? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀, Baba!" Iwájú orí mi gbá sìmẹ́ńtì gidi. Ibẹ̀ ni ìbọn ti dún. Mo rákò, mo di ohun tí ọwọ́ mi bà mú. Ẹsẹ̀ Lieutenant ni.

"Ẹ gbà mí, mo lọ́mọ nílé!"

Nígbà tí wọ́n tú u lójú mi, àwọn sójà ń yí gbiri fún ẹ̀rín. Ojú tì mí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́. Ṣùgbọ́n Lieutenant kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ nu dígí, ó gbẹ. Ó fún aṣọ tí mo rán sínú rẹ̀, òógùn ń kán tó tó.

"Le vieux, àwọn ọmọ mi á sáré títí, wọn kì í làágùn tó báyìí. Dígí sì gbẹ! Lundi, ọjọ́ Ajé, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti to irọ́ akọni sílẹ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kí n pa á. Mo sọ òótọ́. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwà ojo yín tí mo ti ń fara dà láti ọjọ́ ìgbéyàwó, òun ló wá gbà wá là!"

Ohun tí ìrìn náà kọ́ mi nìyẹn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bí àgbà. Eku kan sáré kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Láti orí àga ni mo ti rí ìyàwó mi tó na ọ̀kan nínú aṣọ afa-òógùn mi sí mi. "Ẹ gbà, ẹ nu òógùn yín."