Ẹni Tó Dé Ẹ́ńjìnnì

Nùrẹ́nì kì í tú ẹ́ńjìnnì alùpùpù dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí àwọn mẹkáníìkì yòókù ní Ojú-Oore. Aṣọ funfun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tí Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀ ti pa tì. Ohunkóhun tó bá yọ, orí aṣọ yìí ló ń tẹ́ ẹ sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Alátẹ.

"Alátẹ, èló ni bẹ́árìn yín lónìí?" ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a máa bi í.

"Kò sí èyí tápò rẹ ká níbẹ̀," Nùrẹ́nì á fèsì láìgbójú sókè.

Nǹkan mìíràn tí wọ́n tún mọ̀ mọ́ ọn ni pé kì í dé ẹ́ńjìnnì tí ẹlòmíràn bá tú, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn dé èyí tóun tú. Ìgbéraga làwọn èèyàn pè é. Kò bá wọn jiyàn.

Ọmọ Ìwó ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló jẹ́ nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Ṣọládé ní Ọ̀tà, lọ́dún 1983. Òfin méjì péré ni Bàbá ní. Èkíní, ohun tí o bá tú, tẹ́ ẹ bó ṣe jáde. Èkejì, ẹni tó dé ẹ́ńjìnnì ló ni iṣẹ́. Ẹni mẹ́wàá lè tú u, ẹni mẹ́wàá lè fọ̀ ọ́, ọwọ́ tó bá fún bọ́ọ̀tì ìkẹyìn ni yóò jẹ́jọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́. Bàbá ní òfin yẹn ni kò jẹ́ kí ìjà wà nínú ṣọ́ọ̀bù òun.

Ọmọṣẹ́ kan wà tí òun àti Nùrẹ́nì jọ ń sùn lórí ẹní kan. Ọlábánjí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìmẹ̀kọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan ní 1986, Bàbá ní kí àwọn méjèèjì tú jíà alùpùpù Hóńdà òun fúnra òun, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ọlábánjí lọ ra ẹ̀wà. Kó tó dé, wáṣà kan yọ̀ lọ́wọ́ Nùrẹ́nì, ó yí gbiri, ó sì bọ́ sínú gọ́tà tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀. Ó wá a títí, kò rí i. Ó mọ̀ pé Bàbá ti fi ọ̀sẹ̀ méjì wá wáṣà yẹn kiri kó tó rí i rà.

Kọ́bọ̀ oníhò ayé òyìnbó kan wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ àgbà fi òwú dúdú so mọ́ ọn lọ́jọ́ tó kúrò ní Ìwó. Ó já a. Ó fi fáìlì fẹ ihò rẹ̀ títí tó fi wọ ọ̀pá jíà. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Nígbà tí Ọlábánjí dé, Nùrẹ́nì ti to inú jíà padà tán. "Jẹ ẹ̀wà rẹ kó tó tutù," Ọlábánjí wí, òun ló sì gbé ìdérí lé e, tó fún gbogbo bọ́ọ̀tì rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lójú ọ̀nà Ìdíròkò, jíà kejì fò mọ́ Bàbá lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń yà fún tírélà. Ó ṣubú, egungun itan rẹ̀ sì kán. Kò sẹ́ni tó tú alùpùpù náà wò. Kí ni wọ́n tún fẹ́ wò? Ta ló dé e? Ọlábánjí ni. Ó ku oṣù márùn-ún kó gba fírídọ̀ọ̀mù nígbà tí Bàbá ní kó máa lọ. Nùrẹ́nì dúró níbẹ̀, ó di àpò àwọn sípánà mú, ó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ká ẹní.

Ọ̀rọ̀ tí kò sọ lọ́jọ́ náà le sí i lọ́dọọdún. Ọlábánjí rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan ní Agbára, níbi tó ti ń tọ́jú ẹ̀rọ. Wọ́n máa ń pàdé níbi ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ, wọ́n á béèrè ara ilé. Nọ́ńbà rẹ̀ ti wà lórí fóònù Nùrẹ́nì fún ọdún mọ́kànlá. Kò pè é rí.

Lóṣù Kẹta ọdún yìí ni Tóyọ̀sí, ọmọ Bàbá Ṣọládé, fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré gbé Hóńdà náà wá láti Itele. Ó ti pọ́n fún ìpẹtà, táyà rẹ̀ ti fọ́ bí àkàrà àná.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàbá ní ẹ̀yin ni kí n gbé e fún. Wọn kò ríran mọ́, etí ló kù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀."

"Wọ́n sọ ohun tó ṣe é?"

"Jíà ni. Wọ́n ní ọmọṣẹ́ kan ló bà á jẹ́ láyé àtijọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí," Nùrẹ́nì dáhùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ó tẹ́ aṣọ rẹ̀, ó sì tú u. Ọ̀pá jáde. Jíà àkọ́kọ́ jáde. Jíà kejì jáde, eyín rẹ̀ mẹ́ta ti kán ṣóńṣó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ́bọ̀ wà. Ó ti tẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti dán bí ẹ̀yìn ṣíbí, ó sì ti là láti ihò dé etí.

Ó tẹ́ ẹ síbi tó kàn.

Wáṣà tuntun wà nínú agolo mílíìkì lórí pẹpẹ rẹ̀. Ó lè fi sí i, kó wá jíà kejì mìíràn, kó sì ju kọ́bọ̀ yẹn nù kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó ro gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Fàtímọ̀ gbé oúnjẹ dé, orí àpótí ló bá a, ó ń wo aṣọ náà bí ẹni tó ń wo òkú. Obìnrin náà gbé abọ́ kalẹ̀, ó sì yà lọ. Oúnjẹ ṣì wà níwájú rẹ̀ nígbà tó pe Tóyọ̀sí pé kó mú Bàbá wá.

Bàbá wá lọ́jọ́ kejì, ó ń tiro. Wọ́n gbé àpótí sẹ́bàá aṣọ fún un. Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe láyé ọjọ́un, ó ń pe orúkọ wọn. "Bẹ́árìn. Jíà kìíní. Wáṣà. Jíà kejì, ó ti jẹ eyín." Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó mú kọ́bọ̀, ó yí i láàárín ìka.

"Èyí kì í ṣe wáṣà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kọ́bọ̀ ni. Ta ló ni ín?"

"Èmi ni, sà. Wáṣà ló bọ́ sí gọ́tà. Ọlábánjí kò mọ̀. Ẹ̀wà ló lọ rà."

Bàbá dá kọ́bọ̀ padà sórí aṣọ, síbi tó ti mú un gan-an.

"Má tíì dé e," ó wí. "Pe Ọlábánjí."

Ọlábánjí dé lọ́jọ́ Àìkú, bùbá funfun lọ́rùn, irun rẹ̀ ti funfun tán. Nùrẹ́nì ti sọ fún un lórí fóònù; kò fèsì ju pé òun ń bọ̀ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá.

"Mo lé ọ lórí ohun tí o kò ṣe," Bàbá wí.

"Ẹ lé mi, sà."

"Èmi ni mo gbé òfin sáájú ojú. Mo tọrọ àforíjì."

"Ọlọ́run ló ń dárí jì, sà." Ó jókòó, ó mú kọ́bọ̀ náà, ó sì wò ó títí. "Nùrẹ́nì. O ní odò ló gbé èyí lọ, nígbà tí mi ò rí i lọ́rùn rẹ mọ́."

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

"A jọ wá a. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń wọ odò kiri. Òtútù mú mi, ìwọ lo po ẹ̀kọ gbígbóná fún mi."

Nùrẹ́nì dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó to jíà padà, wáṣà tuntun lẹ́yìn jíà kejì tó rí rà ní Ṣàngó, ó sì gbé ìdérí lé e. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì na sípánà sí Ọlábánjí.

"Ẹ bá wa dé e, ọ̀gá. Iṣẹ́ yín ni."

Ọlábánjí kó ọwọ́ sápò bùbá. "Èmi ti dé e lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ ló kàn."

Bọ́ọ̀tì mẹ́jọ ni. Nùrẹ́nì fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá sì tẹ́tí sí sípánà títí tí ìkẹjọ fi dúró. Ìgbà kẹfà tí Nùrẹ́nì fi ẹsẹ̀ tẹ kíkì ni Hóńdà náà dáhùn, èéfín bo gbogbo wọn. Bàbá gbé orí sókè.

"Ta ni yóò gùn ún wò?" Tóyọ̀sí béèrè.

"Ẹni tó dé e," Bàbá wí.

Nùrẹ́nì gùn ún dé oríta, ó yà, ó wọ jíà kejì. Ó dì í mú. Ó fi jíà kejì yẹn nìkan rìn padà, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì.

Nígbà tó dé, Ọlábánjí ti ká aṣọ funfun náà mọ́ra, ó fi lé orí àpótí, ó sì ń bó ẹ̀pà fún Bàbá. Nùrẹ́nì tú aṣọ náà wò. Kọ́bọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ó wo àpò bùbá Ọlábánjí, ó sì ká aṣọ náà padà.